Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Aládàáni ní Ìkẹjà Lórí Owó Ófátáìmù

Àwa ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ báńkì, ẹ́sítéètì, ilé ìtajà àti ilé ìwòsàn káàkiri Èkó ṣe ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ìkẹjà. Ọ̀rọ̀ tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa ni ti wákàtí tí à ń ṣe lé iṣẹ́ lórí, tí a kì í rí owó rẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn tó gbà wá síṣẹ́ àti àwọn oníbàárà tí à ń ṣọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ṣe sífìtì alẹ́ yẹ kó kúrò lẹ́nu géètì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́fà lù, ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ kò yọjú. Ó pe súpáfáísọ̀, ìyẹn ní kó rọ́jú, òun ń wá ẹlòmíì. Aago méjìlá ọ̀sán lù, kò sẹ́ni tó dé. Bó bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á ní ó sá níbi iṣẹ́. Bó bá dúró títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, sífìtì tirẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ yẹn. Nígbà tí àláàtì bá wọlé lópin oṣù, iye tó gbà lóṣù tó kọjá náà ni. Bí oorun bá sì ti gbé e lọ lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n á ti yọ owó ìtanràn nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ló ti rí irú èyí rí. Ìyà gbáà ni, a ò sì ní pè é lórúkọ mìíràn.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Abala 13 ní wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ máa jọ fẹnu kò sí, tàbí tí ẹgbẹ́ máa bá wọn dúnàádúrà lé lórí. Èyí tó bá lé, ófátáìmù ni. Ó ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi nínú ọjọ́ 7. Àmọ́ òfin náà kò dá iye wákàtí, kò sì dá iye owó ófátáìmù. Àdéhùn ló fi í sílẹ̀ fún. Ibẹ̀ gan-an ni owó wa ń gbà lọ. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kò dárúkọ wákàtí kankan, bẹ́ẹ̀ abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Níbi tí kò bá ti sí iye kan lákọsílẹ̀, kí la fẹ́ sọ pé a ṣe kọjá?

Akọ̀wé wa ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 12 lóòjọ́ láìsí ọjọ́ ìsinmi, wákàtí 84 ló ń ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń fi wákàtí 24 ṣiṣẹ́, tó ń fi 24 sinmi, ibì kan náà ló ń já sí. Wákàtí 48 lọ́sẹ̀ ni ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti fi lélẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti 1919. Bí a bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, wákàtí 208 ni oṣù kan, owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Keje 2024, yóò sì jẹ́ ₦336 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n wákàtí 364 ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń ṣe. Wákàtí 156 ló lé. Bí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kan lé e, ₦52,500 ni. Bó bá jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀, ₦78,750 ni, ó ju owó oṣù fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn kan sì wà láàárín wa tí owó oṣù wọn kò tó ₦70,000, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ wọn ju 25 lọ dáadáa, tí òfin owó oṣù náà sì torí bẹ́ẹ̀ de ilé-iṣẹ́ ọ̀hún.

Ohun tí à ń béèrè kì í ṣe èèmọ̀. Ní Kẹ́ńyà, òfin iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó wà láti 1998 dá wákàtí 52 lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àbọ̀ fún èyí tó bá lé, ìlọ́po méjì bó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi.

Nítorí náà, kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kọ wákàtí iṣẹ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, kó má ju 48 lọ́sẹ̀ lọ. Kí ófátáìmù jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀, kó jẹ́ ìlọ́po méjì lọ́jọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ọdún, kó sì hàn lọ́tọ̀ nínú ìwé owó oṣù. Kí owó ìtanràn dópin lónìí: abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ wa kò fàyè gbà á, kódà fún ohun tó sọnù, àfi kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníbàárà náà. Ẹnu géètì kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣófo tọ̀sán-tòru, wákàtí 168 ni lọ́sẹ̀. Ẹni méjì lẹ ń sanwó fún. Ẹni mẹ́ta ló yẹ níbẹ̀, kí ẹ̀kẹrin sì máa wá dí àyè. A rọ àjọ NSCDC, tó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ wa ní láísẹ́ńsì, pé kó máa wo èyí kó tó tún un ṣe fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kọ aago tí ẹ gbaṣẹ́ àti aago tí ẹ kúrò sínú ìwé ẹnu géètì bó ṣe rí gan-an. A gbọ́ pé àwọn súpáfáísọ̀ kan ń ní kí ẹ kọ aago mẹ́fà nígbà tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá lẹ kúrò. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, torí ojú ìwé yẹn la máa gbé kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ọjọ́ 30 la fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti pè wá sí ìjókòó. Bí wọn ò bá pè wá, a ó gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, a ó sì ti ibẹ̀ dé Kóòtù Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu géètì sílẹ̀ láìsí ẹni tó gbà á. Ẹni tí wọ́n bá sì lé torí pé ó wá sí ìpàdé yìí, kó pe akọ̀wé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Abala 9 nínú Òfin Iṣẹ́ kò gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Alága ẹ̀ka
Akọ̀wé ẹ̀ka