Ẹ Gbé Ẹ̀rọ Ìdíwọ̀n Èéfín Wá sí Ìsàlẹ̀ Afárá

Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé lábẹ́ afárá Òṣòdì, àárín èéfín mẹ́ta ni oníbọ̀ọ̀lì ń jókòó sí. Eédú tirẹ̀ ń jó níwájú, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń bú lẹ́yìn, dánfó tí kò pa ẹ́ńjìnnì sì ń tu tirẹ̀ sí i lójú. Èéfín dúdú là ń rí, òun náà là ń sá fún. Ṣùgbọ́n gáàsì carbon monoxide, tó ń jáde bí epo tàbí eédú kò bá jó tán, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Bó bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, a ó ní oòrùn ni, tàbí ibà. Ẹni tó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ ló léwu fún jù.

Ohun tí imú kò gbọ́, ẹ̀rọ nìkan ló lè bá wa mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwọ̀n gáàsì yìí má ju mílígíráàmù 4 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ibo la ó ti wọ̀n ọ́n? Bí èèyàn bá ṣe ń kúrò lẹ́bàá títì ni gáàsì ọkọ̀ ń dín kù. Ẹ̀rọ tí a bá gbé sórí òrùlé ọ́fíìsì, nínú ọgbà tó mọ́ tónítóní, kò lè sọ ohun tí oníbọ̀ọ̀lì ń fà símú. Sátẹ́láìtì Terra wọ̀n ọ́n látojú ọ̀run láti nǹkan bí ọdún 2000 títí di 2025, àmọ́ òun náà kò lè rí abẹ́ afárá.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wọ̀n ọ́n péye, ṣùgbọ́n ó wọ́n, iná kò sì gbọdọ̀ kú mọ́ ọn lórí. Àwọn kéékèèké tó ń lo kẹ́míkà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ooru àti ọ̀rinrin a máa ṣì wọ́n lọ́nà, àfi kí a máa gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá lóòrèkóòrè, kí a tún wọn ṣe. Nítorí náà, ìwọ̀nba ẹ̀rọ ńlá, ọ̀pọ̀ kéékèèké, ní gíga imú ẹni tó jókòó: èyí ni mo fara mọ́.

Ìjọba Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn sí Òṣòdì, Ọjọ́ta àti Mile 12. Bí Traffic Radio ṣe ń kéde títì tó dí, ẹ jẹ́ kó máa kéde iye gáàsì náà pẹ̀lú, lédè Yorùbá, lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ má dúró de ìjọba: ẹ gbé e jìnnà sí ibi téèyàn ń jókòó lónìí.