Kútọnu sí Èkó: ìdajì wákàtí lófurufú, ọjọ́ kan gbáko lórí ilẹ̀

Láti pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun ní Kútọnu dé ti Murtala Muhammed ní Èkó, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, kò ju nǹkan bí 106 kìlómítà lọ. Bàálù máa ń fò ó ní bí ìdajì wákàtí. Kò tíì gòkè tán tó ti ń wá ibi tó máa bà sí. Kí ló wá dé tí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà kúkurú báyìí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Kìlómítà nìkan kọ́ ló ń pinnu owó yẹn. Wọ́n ń bu owó pápákọ̀, owó ààbò àti owó orí ìjọba lé èrò kọ̀ọ̀kan, owó yìí kì í sì í dín kù tó bí ọ̀nà ṣe kúrú tó. Ẹni tó ń lọ Páríìsì, tó máa jókòó bíi wákàtí mẹ́fà fún nǹkan bí 4 700 kìlómítà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń lọ Èkó ló ń mọ̀ ọ́n.

Ìdí rèé tí ìpinnu tí àwọn olórí CEDEAO ṣe ní oṣù Kejìlá 2024 fi kàn wá. Wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2026, kí owó orí ìjọba kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí owó èrò àti owó ààbò sì fi ìdá mẹ́rin kan dín kù. Ó dára lójú wa. Àmọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló máa ṣe é nílé rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń falẹ̀.

Ti àkókò náà ńkọ́? Ẹ ka wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ máa fi ṣáájú dé pápákọ̀, ẹ ka ìlà ọlọ́pàá àti ti dùánì, ẹ ka gosiló Èkó. (Ẹni tó bá ń ti Lómè bọ̀, kó rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan dín sí tiwa: tíkẹ́ẹ̀tì lè dà bíi pé bàálù fi wákàtí kan àbọ̀ rìn, irọ́ ni.)

Àwa ará Kétu ni ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu jù. Láti Kétu tààrà dé pápákọ̀ Èkó, bíi 120 kìlómítà ni. Síbẹ̀, ká tó wọ bàálù, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ Kútọnu, ó ju 100 kìlómítà lọ. Ará Ṣábẹ ńkọ́? Tiẹ̀ ju 200 lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ ni tiwa, Ìlárá tàbí Sèmè. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ìlẹ̀kùn pápákọ̀ kọ́ ni wọ́n tì. Àwọn ìyá wa tó ń ru ọjà ni wọ́n tì í mọ́. Bí CEDEAO bá ti dín owó bàálù kù, kó bọ́ sórí àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró láàárín Sèmè àti Èkó.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «taxes» sí, lábẹ́ owó ìrìn-àjò. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá nǹkan ti yí padà.