Kókó Ọ̀rá Kì í Ṣe Oówo

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n bá pe kókó abẹ́ awọ ló ń pinnu ibi tí ẹni tó ní in máa sáré lọ. Bí wọ́n bá pè é ní oówo, wọ́n á fi abẹ là á, ọyún kankan ò ní jáde, egbò nìkan ló máa kù. Bí wọ́n bá pè é ní jẹjẹrẹ, oorun dá lójú gbogbo ilé nìyẹn. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ayé ni, owó ètùtù ló kàn.

Kókó ọ̀rá ni àwa fẹ́ kí wọ́n máa pe lipoma. Ọ̀rá lásán ló ṣù jọ, ní ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, apá tàbí itan. Ó rọ̀, bí ẹ bá fi ìka tì í, á yẹ̀. Kì í sábà dunni. Dókítà sábà máa ń fọwọ́ bà á lásán dá a mọ̀. Àmọ́ èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó le, tó ń dunni tàbí tó ń yára tóbi, wọ́n gbọ́dọ̀ yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì lè gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "á lọ fúnra rẹ̀" tù yín nínú níbí yìí o.

Èyí tí kò bá yọni lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wù ú, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á gé e kúrò. Ilé ló sábà máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àdí àti wíwọ́ kò lè yọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará wa ní ẹ̀ka ìṣègùn, ṣé "kókó ọ̀rá" tẹ́ yín lọ́rùn, àbí ẹ ní orúkọ mìíràn?