Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjíṣẹ́ Ọmọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó fẹ́ lọ síbi tí wọn ò ti mọ baba rẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún: ọmọ tó ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé ọ̀gá, ìyàwó tuntun, ẹni tí ẹbí yàn pé kó lọ bá àna sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó ṣeé ṣe kí inú máa bí ẹni tó rán an, kí ọ̀rọ̀ tó fi rán an sì kún fún èébú. Ẹrú á gbé e dé bẹ́ẹ̀, ilé á dàrú. Ọmọ á ti yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kó tó débẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ò sì ní sọnù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń parí àlàyé òwe yìí sí. Lójú tèmi, ó ku ìdajì: ẹni tó ń jíṣẹ́ bí ọmọ kì í ki ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bọ inú iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìdajì tó kù yìí ni mo fẹ́ fi ìrìn òṣèlú ọkùnrin kan tó kàwé lẹ́yìnkùlé wa ní Bàrígà tú palẹ̀.

Kaycee Madu lorúkọ rẹ̀. Ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Yunifásítì Èkó ní Àkọ́kà ló ti kọ́ nípa òfin, ó sì gboyè ní 2001. Ẹni tó bá mọ Àkọ́kà mọ̀ pé òun àti Bàrígà ò ní ààlà tó ṣeé tọ́ka sí. Tí o bá gba ọ̀nà St. Finbarr's, o ò tíì rìn jìnnà tí wàá ti bọ́ sí Bàrígà, Ṣómólú sì wà níwájú díẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ibùsùn nínú ọgbà ti ń gba yàrá, ọwọ́ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú sì ni ìwé iṣẹ́ ìwádìí wọn ti ń di ohun tó ní èèpo.

Ní 2005, Madu kó lọ sí Edmonton, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, ìpínlẹ̀ tí epo rọ̀bì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ bíi ti Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin ibẹ̀ láti ẹkùn Edmonton-South West, lábẹ́ United Conservative Party, ẹgbẹ́ Jason Kenney. Ẹgbẹ́ náà gba 63 nínú àga 87, ó sì gbàjọba. Ṣùgbọ́n nínú àga 20 tó wà ní Edmonton fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ NDP kó 19. Ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, Madu ló mú un. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí kò tíì lo ọdún 15 nílùú ni ẹgbẹ́ ìjọba ní gẹ́gẹ́ bí ojú àti ẹnu ní gbogbo olú-ìlú. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe mínísítà tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀. Ní August 25, 2020, ó di mínísítà ètò ìdájọ́. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó ti dé irú ipò yẹn rí ní Kánádà, yálà ní ìpínlẹ̀ tàbí ní ìjọba àpapọ̀.

Ó máa ń ya àwọn òyìnbó lẹ́nu pé àlejò dúdú lè wà nínú ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù. Kò yẹ kó ya ará Bàrígà lẹ́nu. Ẹni tó ti gbọ́ ìwàásù wa lọ́jọ́ Ìsinmi, tó mọ bí àwọn òbí wa ṣe ń fi ọwọ́ líle tọ́mọ, tó sì rí bí inú ṣe ń bí oníṣọ́ọ̀bù ọ̀nà Bajulaiye sí owó-orí tó ń gorí ara wọn, ti mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń hù. Kemi Badenoch náà, ọmọ Adégòkè tó dàgbà ní Surulere, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, inú ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ti Gẹ̀ẹ́sì ló ti wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú London ní 2015, kó tó dé ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, kó sì tó di olórí ẹgbẹ́ náà ní November 2, 2024. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n gbé lọ.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán Madu ò rọrùn fún ẹni tó ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn kí òfin le, tí àwọn olùdìbò rẹ̀ sì gbà tọlọ́pàá, ló fi í ṣe olórí òfin, nínú ọdún tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, tí gbogbo ayé gbiná. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní carding: wọn á dá ẹni tí kò ṣẹ̀ sófin dúró lójú títì, wọn á gba orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé wọn pa mọ́. Àwọn dúdú àti àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ló máa ń kàn jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Madu fòfin de é ní Alberta. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, kò pe ọlọ́pàá ní ọ̀tá. Ó gba iṣẹ́ pé kí òfin múlẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ lọ́nà tí ẹni tí kò ṣẹ̀ yóò fi lè rìn lọ ní tirẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń jíṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Bàrígà ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé carding fún òun. Ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́, tí irun orí rẹ̀ sì gùn díẹ̀. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú òfin Madu yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ wa jáde sójú pópó nítorí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, títí di October 20 tí wọ́n yìnbọn sí wọn ní Lekki, ọjọ́ tí Èkó ò ní gbàgbé.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe wá kan Madu fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní sàkáání ilé ìwé ní Edmonton. Ó ní Madu ń lo fóònù nígbà tó ń wakọ̀, ó sì bu owó ìtanràn 300 dọ́là fún un. Madu ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú náà, Dale McFee, lórí fóònù. Ó di January 2022 kí aráàlú tó gbọ́. Kenney, olórí ìjọba, ní kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún Adèle Kent, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. McFee jẹ́rìí pé Madu ò ní kí òun fagi lé ìtanràn náà, Madu sì ti san án. Ohun tí Madu ní òun fẹ́ mọ̀ dájú ni pé kì í ṣe torí àwọ̀ òun, kì í sì í ṣe pé àwọn ọlọ́pàá ń ṣọ́ òun, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Alberta kan náà pé àwọn ọlọ́pàá tọpa mínísítà kan láìtọ́. Kent yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní Madu gbìyànjú láti dá sí ètò ìdájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìyànjú náà ò so èso.

Mi ò gbà pé irọ́ ni ẹ̀rù tó bà á. Aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá dá dúró ní ìdí láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, mínísítà tàbí agbálẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé agbálẹ̀ ò ní nọ́ńbà ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ni agbálẹ̀ máa lọ, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn, á sì dúró kí ó kàn án. Ọ̀nà tó dá àwọn tí wọ́n fi carding yọ lẹ́nu sílẹ̀ ni Madu là fún wọn ní 2020; nígbà tó kan òun, kò gba ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn Edmonton-South West rán an ló fi nọ́ńbà yẹn sínú fóònù rẹ̀. Ó yọ ọ̀rọ̀ tara rẹ̀, ó fi lé orí iṣẹ́ náà, ó sì gbé méjèèjì lọ pọ̀.

Àwa ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù. Tí ọlọ́pàá bá kó ọmọ lóru ní Pedro tàbí Ìlàjẹ ládùúgbò wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń bi aládùúgbò kì í ṣe pé kí lọmọ náà ṣe. “Ta la mọ̀?” ni. Wọn á wá nọ́ńbà ọnarébù, wọn á wá ẹni tó mọ DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Ògiri àgọ́ ọlọ́pàá ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ìyá ń ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ láti fi gba ọmọ sílẹ̀. Ọnarébù tó pè, tí wọ́n sì tú ọmọ náà sílẹ̀, la ó máa yìn títí dìbò tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n jọ kó lóru ọjọ́ kan náà, tí ìyá wọn ò mọ ẹnì kankan, ṣì wà lórí sìmẹ́ńtì. Mi ò dá ìyá náà lẹ́bi. Aṣòfin tó gbà pé ìpè yẹn ni iṣẹ́ òun ni mo ń bá wí.

Ní Alberta, wọ́n gba ètò ìdájọ́ lọ́wọ́ Madu ní February 2022, wọ́n fún un ní iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣí wọ̀lú. Nígbà tí Danielle Smith gorí àga Kenney lọ́dún kan náà, ó wà lára àwọn méjì tó di igbákejì olórí ìjọba. Ìbò May 29, 2023 ló dá a dúró: Nathan Ip ti NDP ló wọlé ní ẹkùn rẹ̀, NDP sì kó àga Edmonton tán pátápátá.

Ní tiwa níbí, Ilé Aṣòfin Èkó ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, méjì nínú wọn ń tọ̀dọ̀ wa lọ, láti Ṣómólú kìíní àti Ṣómólú kejì. Lónìí, Àbújá ló ni ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì ṣeé fi kún ìwé òfin àfi kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán fọwọ́ sí i. Tó bá wọlé, ọnarébù tiwa náà á sún mọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá bí Madu ṣe sún mọ́ McFee. Kí ìbò 2027 tó dé, àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú á ti máa tẹ àwòrán àwọn tó ń du àga méjèèjì, àwọn olùdíje náà á wá sí ìpàdé àdúgbò wa, wọn á pín ìrẹsì. Kí ẹnì kan nínú ìpàdé náà dìde, kó fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin baba wa, bí ọlọ́pàá bá kó ọmọ yín àti ọmọ mi lóru kan náà, òfin wo lẹ máa ṣe táwọn méjèèjì á fi gba ẹnu ọ̀nà kan jáde?”