Ẹ Bá Mi Yọ Pátákó Yẹn Kúrò

Mo tún ti dé lórí ọ̀rọ̀ pátákó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ara mi kì í gba ibi tí wọ́n bá ti fi pátákó ìkìlọ̀ dípò iṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí: pátákó kì í ṣe iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí, ó kan ilé ìkàwé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: pátákó, dátà, àti àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pátákó ná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ kórópe láti Tánkẹ̀, mo gba ilé ìkàwé kan lọ nínú Ìlọrin níbí. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé kan ni mo ń wá, ìgbà kẹta tí mo máa lọ nítorí rẹ̀ nìyẹn. "Wọn ò tíì dá a padà o, sà." Mo ní ṣé wọn ò lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó bá dé? Wọ́n ní kí n ṣáà máa yọjú.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ní kí ọmọbìnrin kan dìde. Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni, ohùn kankan ò jáde níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, JAMB ni mò ń kà." Òṣìṣẹ́ náà kàn nawọ́ sí ògiri, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí: PA FÓÒNÙ RẸ. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti bá a nígbà tí èmi náà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín. Ojú fóònù yẹn ti sán láti igun dé igun. Ó gbé e lé itan, ó ń da ìbéèrè kọ sínú ìwé. Bí oòrùn bá ti tàn sí i, á fa etí híjàbù rẹ̀ ṣíji bò ó kó tó lè rí ọ̀rọ̀ kà. Mo wò ó títí, inú bí mi.

Láti ọdún 2015 ni JAMB, ìdánwò àtiwọlé yunifásítì, ti fi bébà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ pàápàá, fóònù ló máa fi fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí wọ́n tó fún un ní kóòdù. Ìdánwò tó jẹ́ orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìkàwé ní kó lọ kà níta!

Wọ́n á ní fóònù ń ba ìwé kíkà jẹ́. Ní 2014, UNESCO gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ka ìwé lórí fóònù ní orílẹ̀-èdè 7, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní àwọn ń kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ látìgbà tí àwọn ti ń kà á lórí fóònù. Bó bá jẹ́ ariwo lẹ ò fẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má fi fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa lápálápá.

Ó kan dátà. Dátà wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ ìkàwé tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà àgbà, inú ẹ̀rọ náà ni ìwé àti ìbéèrè ìdánwò wà, ọmọ ò nílò dátà kó tó ṣí i. Ọ̀nà wà. Àlàyé tí mo ní lórí èyí pọ̀, àmọ́ pátákó yẹn ò tíì kúrò lójú mi.

Ó mú mi rántí bàbá mi àgbà, alfa ní Pákátà nínú Ìlọrin níbí. Ìwé wọn kò ní ìdè. Ewé kọ̀ọ̀kan dá wà, wọ́n á kó o sínú àpò awọ, bí àwọn alfa àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Èmi ni wọ́n máa ń rán. "Mú ewé márùn-ún yìí lọ sí Òkè-Ìmàlẹ̀, kí o gba mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ wọn bọ̀." Ènìyàn mẹ́ta lè máa da ìwé kan ṣoṣo kọ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ilé mẹ́ta. Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tàdáwà ewé kan ṣàn. Bàbá ò nà mí. Wọ́n gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tún un kọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún rán mi. Wọn ò torí òjò ní kí ìwé jókòó sílé.

Nínú ìlú tí ìwé ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn tó fẹ́ kà á ni wọ́n ti wá ń lé ẹni tó wá kàwé síta. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ó wá kan àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ wo Tàmálè ní àríwá Gánà. Ilé ìkàwé ìjọba níbẹ̀ àti ẹgbẹ́ Savana Signatures pawọ́ pọ̀ nígbà kan, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú oyún ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláboyún. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni o, fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì pàápàá ń gbà á. Nígbà tó di 2020, àjọ ilé ìkàwé Gánà gbé áàpù tiwọn jáde. Èmi ò tíì bèèrè áàpù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bèèrè: "Ìwé yín ti dé."

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé ní Ìlọrin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fi ọ̀dà funfun pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà kan sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnì kan tì í tí yóò máa gbé ìpè, tí yóò máa fèsì àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi fóònù kàwé, kí ẹ sì ṣe ibi tí wọ́n á ti máa gba iná sí fóònù wọn síbẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò sáyè. Mo ka àga tó ṣófo nínú ilé náà kí n tó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́kànlá ni.