Ẹ Yéé Pe Mílíìkì Ní Májèlé

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àgbà, ẹ mu tíì oní-mílíìkì, inú ń kùn, ìgbẹ́ gbuuru dé, ni ẹ bá ní ìyàwó ọmọ yín fi nǹkan sí i. Ó tó gẹ́ẹ́! Lọ́mọ ọwọ́, ara ìfun wa ń ṣe láktéèsì tó ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì. Bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń dàgbà, jíìnì tó ń pàṣẹ rẹ̀ ń panu mọ́. Kò sọnù, àṣẹ ló rọlẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ Fúlàní kì í panu mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó dà níbẹ̀? Ẹ dín mílíìkì kù, ẹ jẹ wàrà Fúlàní. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ilé aláwo. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.