Ẹwà Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ni Ẹ̀mí Gígùn Rẹ̀

Ní Baṣọ̀run nílùú Ìbàdàn, irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní all-in-one ti ń gba ipò kọ̀ǹpútà alápótí ní ilé ìtẹ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ilé ìwòsàn. Kò ní àpótí lábẹ́ tábìlì, wáyà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pamọ́ sí. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló ní ìwà lẹwà, ìwà ẹ̀rọ yìí nínú ooru Ìbàdàn ló sì yẹ kí olùrà wò kó tó náwó.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í gbóná. Nínú kọ̀ǹpútà alápótí, àyè wà fún afẹ́fẹ́, fáànù rẹ̀ sì tóbi. Nínú all-in-one, fáànù kékeré bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń lé ooru jáde gba ihò tóóró, bẹ́ẹ̀ ni iná ojú kọ̀ǹpútà náà ń dá kún ooru ọ̀hún. Ní ọ̀sán oṣù Kejì àti Kẹta, tí ooru ìlú a máa sún mọ́ ìwọ̀n 35, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà wọlé ti gbóná tẹ́lẹ̀. Bí iná ìjọba bá tún lọ, ínfátà a máa gbé kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni èyí tí ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Iṣẹ́ ń lọ, yàrá ń gbóná. Bí eruku ọyẹ́ bá dí ihò náà pẹ̀lú, ẹ̀rọ yóò dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹni tó ni ín a sì rò pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ìbàdàn. iMac G5 tí Apple gbé jáde lọ́dún 2004 jẹ́ all-in-one. Kapásítọ̀ inú àwọn kan lára rẹ̀ wú, wọ́n sì bàjẹ́, títí Apple fi ṣètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ lọ́dún 2005. Lóòótọ́, kapásítọ̀ aláàbọ̀ ìgbà náà ba kọ̀ǹpútà alápótí ti Dell jẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ a máa dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀rọ tí kò rí afẹ́fẹ́ dáadáa ló ń san gbèsè yẹn ní kíákíá.

Níbi àtúnṣe ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Bí páwà páàkì kọ̀ǹpútà alápótí bá jó, oníṣẹ́ a ra òmíràn, a sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Mọ́dàbọ́ọ̀dù all-in-one kì í sábà bá òmíràn mu. Bí ó bá jó, ojú kọ̀ǹpútà tí kò ní àbùkù di ohun àpatì. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ̀yà ara rẹ̀ tún ṣọ̀wọ́n jù.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní àwíjàre: kì í jẹ iná púpọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn oníbàárà Band A ti fò sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká náà kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì ní bátìrì tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ojú rẹ̀ dá dúró wà pẹ̀lú, tí a lè pààrọ̀ ìkan láìfọwọ́ kan èkejì.

Láti ọdún 2015 tí JAMB ti fi ìdánwò orí ìwé sílẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ mọ́. Ọmọ tí kò rí ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́ ló ń jìyà ìrajà tí kò nírònú. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ra ogún kọ̀ǹpútà yóò ṣe dáadáa bó bá ra èyí tí oníṣẹ́ àdúgbò lè tú. Ẹni tó ti ra all-in-one ní tirẹ̀, kó gbé e jìnnà sí ògiri, kó má fi aṣọ bò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kó pa á bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú nínú ooru ọ̀sán, kó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ fọn eruku inú rẹ̀ gbàrà tí ọyẹ́ bá ti lọ.